Nígbà tí egbò jinná tí ọwọ́ kò ṣí: ìtàn wíwọn oríkèé ìka ní Pobẹ̀ àti Sakété

Àrùn kan wà ní ilẹ̀ wa tí kì í fi ìrora kéde ara rẹ̀. Láti Sakété, tí àwọn àgbà ń pè ní Ìtakété, títí dé Pobẹ̀ àti àbàtà ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, àti ní àfonífojì odò Ouémé, ó máa ń yọ bí kókó kékeré lábẹ́ awọ ọmọdé. Kókó náà kì í dun ọmọ, nítorí náà ọmọ kì í sunkún, ìyá kì í sì í dààmú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan awọ á bẹ́, egbò á là, etí egbò náà á sì máa jẹ abẹ́ awọ lọ níbi tí ojú kò tó. Èdè Faransé ń pè é ní ulcère de Buruli. A ti kọ púpọ̀ nípa egbò yìí. Ọwọ́ tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó jinná ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, àti bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti fi nọ́ńbà sọ ohun tí ọwọ́ náà pàdánù.

Orúkọ àrùn náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Buruli jẹ́ àgbègbè kan ní Uganda, níbi tí a ti rí ọ̀pọ̀ aláìsàn ní àwọn ọdún 1960. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1897, Albert Cook, dókítà Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwòsàn Mengo ní Kampala, ti ṣàpèjúwe irú egbò bẹ́ẹ̀. Ní 1948, Peter MacCallum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia kéde kòkòrò àìfojúrí tí ń fà á, tí a wá ń pè ní Mycobacterium ulcerans. Ìdílé kan náà ni ó ti wá pẹ̀lú kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ife, ọ̀rọ̀ ìdílé yìí yóò sì padà wúlò fún wa láìpẹ́. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ rí májèlé tí kòkòrò náà ń tú jáde, mycolactone. Májèlé yìí ni ń pa awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀. Òun náà ni ń pa ìrora lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tí ìrora ń ṣe fún ẹ̀dá, pé kí ó lé e jáde nílé lọ wá ìwòsàn, kò sí ẹni tí ó ṣe é fún aláìsàn Buruli.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni egbò náà fẹ́ràn jù. Nígbà tí ó bá wà nítòsí oríkèé, ìjinná rẹ̀ gan-an a máa di ewu. Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ yín: awọ ibẹ̀ tú, ó ń sún, nítorí pé bí a bá di ẹ̀ṣẹ́, ó ní láti gùn ju bí ó ti rí nígbà tí ọwọ́ bá là lọ. Àpá kì í gùn. Ńṣe ni ó ń sún kì bí ó ti ń gbó, ó sì ń fa ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Àpá ẹ̀yìn ọwọ́ kì í jẹ́ kí ìka ká wọlé. Àpá àtẹ́lẹwọ́ kì í jẹ́ kí ó nà jáde. Ẹni tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì máa gbé ọwọ́ náà sí bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọrùn ọwọ́ títẹ̀, ìka kíká díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ nínú báńdéèjì. Bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn yẹn gan-an ni yóò ṣe gan mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀bẹ nìkan ni ìwòsàn tí a mọ̀. Dókítà á gé gbogbo ibi tí àrùn dé, àti díẹ̀ nínú ara líle tí ó yí i ká, á sì mú awọ láti itan wá lẹ̀ ẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1998, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Yamoussoukro lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS), wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ láti gbógun ti àrùn yìí. Ní 2004 ni OMS fọwọ́ sí oògùn méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, rifampicine tí a ń gbé mì àti streptomycine tí a ń gún ní abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Láàrin àkókò yìí ni ilé ìwòsàn pàtàkì fún Buruli dìde ní Pobẹ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Fondation Raoul Follereau. Ibẹ̀ ni dókítà Annick Chauty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán oògùn méjèèjì wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú aláìsàn 224 tí wọ́n fún ní oògùn náà, 215 ni ìtọ́jú wọn yọrí sí rere, ìyẹn 96%. Nínú àwọn wọ̀nyí, 102 kò rí ọ̀bẹ rárá. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́, ayé sì gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni ìròyìn kejì ti jáde ní 2014. Àwọn olùwádìí ka aláìsàn 1,227 tí ilé àyẹ̀wò ti fìdí àrùn wọn múlẹ̀ ní Pobẹ̀ láàrin 2005 àti 2011. Ìdajì wọn kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Nínú àwọn tí wọ́n rí tẹ̀lé fún ọdún kan, 22% ni àbùkù tí kò lọ mọ́ wà lára wọn: apá, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ìka tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Báwo ni ilé ìwòsàn kan ṣe lè ṣe àṣeyọrí tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì tún ní abirùn tó bẹ́ẹ̀? Lójú tiwa, nọ́ńbà méjèèjì kò tako ara wọn. Èkíní ń béèrè bóyá egbò ti jinná. Èkejì ń béèrè bóyá ọmọ náà lè lo ara rẹ̀. Ohun tí a bá yàn láti wọ̀n ni a óò rí. Bí a bá sì fẹ́ rí ọwọ́, a ní láti wọn ọwọ́.

Kò pọn dandan kí Pobẹ̀ dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀tẹ̀, ìbátan Buruli, ti kọ́ àwọn ènìyàn ṣáájú. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ètò ìjọba kan náà ni ó ń bójú tó àrùn méjèèjì. Raoul Follereau tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àjọ náà, àwọn adẹ́tẹ̀ ni ó fi ayé rẹ̀ jà fún. Òun ni ó dá ọjọ́ àwọn adẹ́tẹ̀ lágbàáyé sílẹ̀ ní 1954. India ni ọgbọ́n wíwọn ọwọ́ ti gbèrú jù. Paul Brand, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí sí India ní 1914, dé ilé-ìwòsàn Vellore ní 1946 gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́-abẹ egungun. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun lọ wo àwọn adẹ́tẹ̀ ní Chingleput, òun bọ ọ̀kan lọ́wọ́, ọkùnrin náà sì fún òun lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó dun òun. Ọwọ́ tí ó kákò bí èékánná ẹyẹ àṣá ni, àmọ́ agbára ṣì wà níbẹ̀. Ó wá yé Brand pé iṣan díẹ̀ ni ó kú, kì í ṣe gbogbo ọwọ́, àti pé a lè gba iṣan tí ó wà láàyè kí a fi ṣe iṣẹ́ èyí tí ó kú.

Kí oníṣẹ́-abẹ tó dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ká ìka náà kò. Ibí yìí ni àwọn ilé ẹ̀tẹ̀ ti fi igun mẹ́ta wọn ìka kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́, kí aláìsàn na ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, kí a wọn igun tí ó ṣẹ́kù ní oríkèé àárín. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí olùwọ̀n di oríkèé ìdí ìka mú ní títẹ̀, kí aláìsàn tún nà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí aláìsàn má ṣe nǹkan kan, kí olùwọ̀n fi ọwọ́ ara rẹ̀ na ìka náà jẹ́jẹ́ dé ibi tí ó bá lè dé. Bí ìka bá nà tán ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò nà ní àkọ́kọ́, iṣan ni kò ṣiṣẹ́. Oríkèé àti awọ ṣì dára. Bí kò bá nà rárá ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a jẹ́ pé awọ ti sún kì tàbí oríkèé ti gan, kò sì sí iṣan tí a lè so tí yóò nà án àfi bí a bá kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, Buruli ń fi àpá fa ìka. Wọn kì í rìn lọ́nà kan náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè olùwọ̀n kò yí padà: kí ni aláìsàn lè ṣe, kí sì ni ọwọ́ náà ìbá lè ṣe?

Irinṣẹ́ tí a fi ń wọ̀n ni góníómẹ́tà. Apá méjì ni ó ní, tí a dè pọ̀ ní ojú kan bí ìdè àlùmọ́gàjí, tí a sì kọ dígírì sí ojú ìdè náà. Ti ìka kéré, ó lè wọ àpò aṣọ. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ohun ìṣeré ọmọ ilé-ìwé ni. Ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀ ni pé kí gbogbo ènìyàn kà á bákan náà. Àwọn kan ń ka ìka tí ó nà tán sí 180, àwọn mìíràn ń kà á sí òdo. Ní 1936, Cave àti Roberts ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí ìdúró gbọọrọ jẹ́ òdo, kí a máa ka ìtẹ̀sí láti ibẹ̀ lọ. Ní 1965, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ egungun ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé pélébé kan jáde tí ó mú ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀.

Ilẹ̀ Faransé ti ní ìdí mìíràn láti wọn ìka ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, òfin owó ìfẹ̀yìntì ológun ti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1919 mú kí a máa fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún díwọ̀n àbùkù ara, kí a lè mọ iye tí a óò san. Ìka tí ó gan di owó. (Nígbà ogun kan náà, àwọn Ọ̀họ̀rí ní ẹ̀bá Pobẹ̀ dìde sí ìjọba Faransé, wọn kò fẹ́ kí a kó ọmọ wọn lọ sójú ogun.) Wíwọ̀n fún owó àti wíwọ̀n fún ìwòsàn kò jọ ara wọn. Ẹni tí ó wọ̀n fún owó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò wọ̀n, yóò sì ti ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó wọ̀n fún ìwòsàn gbọ́dọ̀ tún padà wá. Ní ìdajì ọ̀rúndún ogún, Raoul Tubiana, oníṣẹ́-abẹ ọwọ́ ní Paris tí a bí sí Constantine ní Algeria, wá ọ̀nà tí ó rọrùn fún ìka tí ó kákò nínú àrùn Dupuytren: kí a ro gbogbo ohun tí oríkèé ìka kan kò lè nà pọ̀. Bí kò bá ju 45 dígírì lọ, ìpele kìíní ni. Títí dé 90, ìkejì. Títí dé 135, ìkẹta. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkẹrin. Àrùn náà kò wọ́pọ̀ láàrin àwa ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò béèrè ohun tí ó ká ìka kò.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti rí lójú tábìlì. Àwọn tí ń ṣe é ni àwọn kiné, àwọn oníṣègùn tí ń fi ìfọwọ́ra àti ìdárayá tún ara ṣe. Olùwọ̀n á kọ́kọ́ gbé ọrùn ọwọ́ aláìsàn sí gbọọrọ, nítorí pé bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn, okùn iṣan á fa ìka ká fúnra wọn, nọ́ńbà á sì parọ́. Ó gbé góníómẹ́tà lé ẹ̀yìn ìka, apá kan lórí egungun tí ó ṣáájú oríkèé, èkejì lórí egungun tí ó tẹ̀lé e. Ó wọn oríkèé ìdí, ti àárín, àti ti ṣóńṣó ìka, ní kíká àti ní nínà. Ká ní ìfábẹ̀lá, ìka tí a fi ń fá ọbẹ̀ lá, ká dé 80 ní ìdí, 90 ní àárín, 50 ní ṣóńṣó: àròpọ̀ jẹ́ 220. Ká ní ó ku 10 kí ìdí nà tán, ó ku 30 kí àárín nà tán: a ó yọ 40 kúrò. Ó ku 180. Ìka tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń tó nǹkan bí 260. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí ni a ń kọ sínú ìwé, ó sì ṣeé fi wé ti oṣù tí ń bọ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá wọn ìka kan, wọ́n lè fi nǹkan bí 5 dígírì yàtọ̀ síra láìsí ẹni tí ó jẹ̀bi, nítorí náà ẹni tí ó bá jèrè 3 dígírì lọ́sẹ̀ yìí lè má tíì jèrè kankan. Ó sàn kí ẹnì kan náà máa wọ̀n, ní àkókò kan náà lójúmọ́, nítorí ọwọ́ òwúrọ̀ le ju ọwọ́ ọ̀sán lọ. Egbò tí kò tíì jinná kì í sì í jẹ́ kí irinṣẹ́ sún mọ́ awọ.

Níbi tí góníómẹ́tà kò sí, ọgbọ́n kò tán. A lè tẹ wáyà rírọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka, kí a gbé e sórí ìwé, kí a fi pẹ́ńsù tọ ipa rẹ̀. Ìwé ti oṣù yìí lórí ti oṣù tó kọjá á fi ìyàtọ̀ hàn kedere, kódà fún ìyá tí kò mọ̀wé. A lè fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàrin orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí aláìsàn bá gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́. Fún àtàǹpàkò, Kapandji, oníṣẹ́-abẹ ní ilẹ̀ Faransé, gbé ìdíwọ̀n kan jáde ní 1986 tí kò béèrè irinṣẹ́ kankan: kí aláìsàn fi orí àtàǹpàkò kan ìka yòókù ní ibi tí a yàn, láti ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá títí dé ìsàlẹ̀ ọmọńdinrín nínú àtẹ́lẹwọ́. Ibi tí ó dé ni máàkì rẹ̀, láti òdo dé 10. Àwa fẹ́ràn èyí ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́fà lè kà á sí eré.

Lẹ́yìn gbogbo dígírì wọ̀nyí, ìbéèrè kan ṣì kù: ta ni ó ń fi dígírì jẹun? Ìdí nìyí tí Ymkje Stienstra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Groningen ní ilẹ̀ Hólándì, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ ní 2004 fún àwọn tí Buruli ti ṣe léṣe. Iṣẹ́ òòjọ́ 19 ni ó wà nínú rẹ̀, a sì ń béèrè bóyá ènìyàn lè ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun rere ni, ó sì mú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé. Síbẹ̀ àwọn nǹkan kan wà nínú ilé Yorùbá tí ìbéèrè kankan kò tíì kà. Ìka tí kò lè ká dáadáa kò lè bu ọ̀kà, kí ó yí i, kí ó tì í bọ ọbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá kákò, òsì ni yóò fi na owó sí ìyálójà, òsì ni yóò fi gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, a sì mọ ohun tí a ń pe ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Ẹni tí ọ̀kan kò bá ṣí fún, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a wẹ èkejì.

Wíwọ̀n kì í wo ọwọ́ sàn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún kiné ohun tí ó kàn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí egbò tó jinná, ni a ti ń gbé ọwọ́ sórí pákó tàbí ike tí yóò mú ìka dúró bí ó ti yẹ, tí a sì ń tú u lójoojúmọ́ kí aláìsàn lè ká a kí ó sì nà án. Bí ìka bá ti kákò, a lè fi POP dè é ní gbọọrọ dé ibi tí ó bá lè dé, kí a tú u lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí a wọ̀n ọ́n, kí a tún dè é ní gbọọrọ díẹ̀ sí i. Ọ̀nà yìí náà, láti ilé ẹ̀tẹ̀ ni ó ti wá. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà bá ń sún, a ó máa bá a lọ. Bí ó bá dúró sójú kan, a jẹ́ pé ó di ọ̀rọ̀ oníṣẹ́-abẹ tí yóò tú àpá náà. Ẹni tí kò wọ̀n kò ní mọ ọjọ́ tí ó dúró. Ní 2006, OMS tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè dènà àbùkù nínú Buruli, tí Linda Lehman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti lẹ́yìn ìwòsàn, ara ìwòsàn ni.

Ìyípadà mìíràn ti tún dé. Streptomycine lè ba etí jẹ́, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ sì ń so aláìsàn mọ́ ilé ìwòsàn. Àwọn olùwádìí fi oògùn oníhóró méjì, rifampicine àti clarithromycine, wé ti abẹ́rẹ́, ní Ghana àti ní Pobẹ̀. Àbájáde rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé oníhóró kò rẹlẹ̀ sí abẹ́rẹ́. OMS ti fọwọ́ sí i láti 2017. Ọmọ Sakété lè gbé oògùn rẹ̀ mì nílé báyìí, kí ó sì máa lọ sí ilé-ìwé, àwọn tí ń ti òdìkejì ẹnubodè wá láti Nàìjíríà náà lè padà sílé ní kíá. A yọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí aláìsàn ń sùn ní Pobẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kiné ń rí ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá wà nílé, ta ni yóò rí i pé ìka ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká?

Ìyá rẹ̀ ni, tàbí olùkọ́ rẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì àdúgbò. Ìdánwò kan wà tí ó bá wọn mu. Hueston, oníṣẹ́-abẹ ní Australia, ni ó kọ nípa rẹ̀ ní 1982 nítorí àrùn Dupuytren kan náà. Kí ọmọ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, tàbí sórí àga ìjókòó bí tábìlì kò bá sí. Ìka gbogbo gbọ́dọ̀ kan igi. Lẹ́yìn náà kí ó di ẹ̀ṣẹ́, kí orí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan àtẹ́lẹwọ́. Kí a ṣe é lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ kan náà, kí a sì fi ọwọ́ kejì wé e. Bí bíírò bá lè yí kọjá lábẹ́ ìka kan tí ó kan igi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n wọ ọkọ̀ Pobẹ̀ ní ọjọ́ kejì, bí egbò náà tilẹ̀ ń jinná dáadáa.